Rílì centerpin fún odò tó ń ṣàn: èwo ni ká rà, báwo la ṣe ń fi í ju ìwọ̀?

Ọmọ Àlà, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin adẹdò. Rílì centerpin ni mo fẹ́ rà, ohun tí a ń fi sára ọ̀pá láti máa ká okùn ìwọ̀, èyí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kàn jókòó lórí píìnì kan láàárín, tí kò ní gíà, tí kò ní bíréèkì. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 13 ló wà lọ́wọ́ mi. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti Ọwẹ̀nà ni mo fẹ́ máa lò ó sí, níbi tí omi ti ń ṣàn dáadáa, kí fúlóòtì (ohun tó ń léfòó lórí okùn) máa bá omi lọ, kí n máa tú okùn tẹ̀ lé e. Ohun méjì ló rú mi lójú. Gbogbo àwọn tó ń tà á ló ń gbé fídíò síta pé tàwọn ń yí fún ìṣẹ́jú 2 gbáko kó tó dúró. Ṣé òun ni ká fi mọ èyí tó dáa? Èkejì, báwo lẹ ṣe ń fi í ju ìwọ̀ tí okùn kì í fi í dà bí irun dàda? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Oníwọ̀
Àbúrò, fi fídíò sílẹ̀. Òkòtó tó wúwo ní í jó pẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá ọ fi ìka ta kẹ̀kẹ́ létí odò? Fúlóòtì tí kò ju gíráàmù 3 tàbí 4 lọ ni yóò máa fà á, omi ni yóò sì máa fa fúlóòtì. Kẹ̀kẹ́ tí etí rẹ̀ wúwo á yí pẹ́ bí wọ́n bá ta á, àmọ́ á lọ́ra láti gbéra, bó bá sì gbéra tán, kò ní fẹ́ dúró. Méjèèjì ló ń bà wá níṣẹ́ jẹ́. Bó bá ń lọ́ra, ńṣe ló ń fa fúlóòtì sẹ́yìn, ìjẹ á sì gbéra kúrò nísàlẹ̀ odò. Bí kò bá fẹ́ dúró, okùn á tú ju bí fúlóòtì ṣe ń lọ, á wá so dọ̀ọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá.

Bí o ṣe máa dán an wò nìyí. Mú rílì dání kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró lóròó bí ìgbà tó wà lára ọ̀pá. Jẹ́ kí okùn so kọ́ tààrà láti ara kẹ̀kẹ́, kó má gba inú òrùka ara ọ̀pá kankan, kí o so òjé gíráàmù 2 mọ́ ọn lẹ́nu. Tú ọwọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, má tì í. Bí òjé bá fa kẹ̀kẹ́ lọ fúnra rẹ̀, rílì yẹn á ṣiṣẹ́ nínú omi tí kò le. Lẹ́yìn náà, yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀, kí ọwọ́ tí a fi ń yí i wà lókè. Dán an wò. Kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dán an wò. Kó wà nísàlẹ̀. Dán an wò. Bó bá gbéra ní ojú mẹ́ta tó kọ̀ ní ojú kan, ẹ̀gbẹ́ kan ló wúwo ju èkejì lọ, létí odò wàá sì máa rí i tí fúlóòtì rẹ ń ta kọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ẹja ń tọ́ ọ wò.

Tọ́nà Ọ̀bà-Ilé
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Kí n fi ti irin kún un.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, píìnì lásán: irin tó dán, tí kẹ̀kẹ́ fi ihò onídẹ jókòó lé. Èkejì, bíárìn, òrùka irin tó ní góòlù wẹ́wẹ́ nínú: méjì ló máa ń wà lórí píìnì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Àwọn kan á ní píìnì lásán ni ojúlówó, pé bíárìn ló sọ rílì di nǹkan ọmọdé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Píìnì lásán tí wọ́n gbẹ́ dáadáa ń gbéra wẹ́rẹ́ lóòótọ́, kò sì ní bíárìn tó lè dípẹtà, àmọ́ bí wọn ò bá gbẹ́ ẹ dọ́gba, kò sí àtúnṣe. Bíárìn kì í fi bẹ́ẹ̀ díjú. Bó bá bàjẹ́, a ó yọ ọ́, a ó fi tuntun sí i. Èyí ni èmi á yàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá nílẹ̀ tó lọ́rinrin bíi tiwa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bíárìn tuntun máa ń kún fún gíríìsì láti ilé-iṣẹ́. Gíríìsì yẹn wà fún mọ́tò tó ń sáré, kì í ṣe fún fúlóòtì gíráàmù 3. Bí rílì tuntun bá kọ ìdánwò Bàbá, má tíì dá a padà. Yọ bíárìn, fi sínú ìgò kékeré tí pẹtiróò wà nínú rẹ̀, jìnnà sí iná o, mì ín bíi ìgbà mélòó kan, jẹ́ kó gbẹ, kí o kán òróró máṣíìnì ìránṣọ ẹyọ kan ṣoṣo sí i. Ẹyọ kan ni mo sọ. Fi ṣáká ìgbálẹ̀ kan gbé e, má fi ẹnu agolo kán an.

Ní ti bó ṣe tóbi tó, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Rílì yìí kò ní gíà, ẹ̀ẹ̀kan tí o bá yí ọwọ́ ni kẹ̀kẹ́ ń yí lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ íǹṣì 3 tó kún ń kó okùn bíi sẹ̀ǹtímítà 24 ní yíyí kan. Ti íǹṣì 4 ń kó bíi 32. Ti íǹṣì 4½ ń kó bíi 36. Bí fúlóòtì rẹ bá wà ní mítà 25 sísàlẹ̀ odò, ti íǹṣì 3 á gbà ọ́ ní yíyí 104, ti 4½ á gbà ọ́ ní 70. Ṣe èyí nígbà 50 lóòjọ́, kí o wá wo ọrùn ọwọ́ rẹ lálẹ́. Nítorí náà, íǹṣì 4 sí 4½ ni mo máa ń dá lábàá. Kó má sì tóóró jù: inú ibi tí okùn ń jókòó sí, mílímítà 20 sí 25 dára. Bó bá tóóró, okùn á máa gun ara wọn, ti òkè á rì bọ àárín ti ìsàlẹ̀, ojú ibẹ̀ ni yóò sì ti há nígbà tí o bá ń ju ìwọ̀.

Bó bá jẹ́ tòkúńbọ̀ lo fẹ́ rà, yẹ nǹkan wọ̀nyí wò. Di etí kẹ̀kẹ́ mú, fi ìka mì ín síwá sẹ́yìn. Kó mì díẹ̀ kò burú. Kó máa dún kọ́ńkọ́ kò dára, ihò ti jẹ nìyẹn. Gbé bírò sún mọ́ etí kẹ̀kẹ́ láìkàn án, ta kẹ̀kẹ́, kí o wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Bó bá ń fẹ̀ tó tún ń há, kẹ̀kẹ́ ti wọ́. Kẹ̀kẹ́ tó ti wọ́ kì í ṣe ohun tí òòlù ń tún ṣe. Lẹ́yìn náà, mú okùn tí o fẹ́ lò gan-an, gbìyànjú láti tì í bọ àlàfo tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti àwo ẹ̀yìn rílì tí kì í yí. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ lórí tábìlì, á wọlé létí odò bí atẹ́gùn bá fẹ́. Má gbàgbé ẹsẹ̀ rílì pẹ̀lú: gbé ọ̀pá rẹ dání lọ, àwọn ẹsẹ̀ ti àtijọ́ kan gùn tàbí nípọn ju ibi ìdè ọ̀pá òde òní lọ.

Ẹlẹ́ja Ọ̀wọ̀
Ẹ kú làákàyè. Ṣé tọ́nà lè gbẹ́ irú ẹ̀ fúnni ní Àkúrẹ́ níbí dípò ká máa dúró de ọjà òkè òkun? Ṣé a kúkú lè fi igi ṣe é?

Tọ́nà Ọ̀bà-Ilé
Ẹni tó bá ní léètì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ) tó dúró sójú kan lè gbẹ́ ẹ. Alumíníọ́ọ̀mù ni kí ó fi ṣe kẹ̀kẹ́, kí ó lu ihò sí ojú kẹ̀kẹ́ káàkiri kó lè fúyẹ́, kí ihò òsì àti ọ̀tún ṣe déédéé. Píìnì, irin tí kì í dípẹtà, mílímítà 6. Bíárìn tí wọ́n ń pè ní 626 ló bá a mu: ihò rẹ̀ 6, òde rẹ̀ 19, fífẹ̀ rẹ̀ 6. Àwọn kan á gbé 608 wá torí pé ó wọ́pọ̀. Ihò tirẹ̀ 8, òde rẹ̀ 22, fífẹ̀ rẹ̀ 7. Òun náà á ṣiṣẹ́ tí píìnì bá jẹ́ mílímítà 8, tí wọ́n bá sì ti fọ gíríìsì inú rẹ̀ kúrò, kìkì pé ó tóbi díẹ̀. Ibi tí tọ́nà ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n á gbẹ́ ihò bíárìn lápá kan, wọ́n á wá tú kẹ̀kẹ́ kúrò lórí léètì kí wọ́n tó gbẹ́ apá kejì. Á wọ́ dandan. Ẹ sọ fún un pé kó gbẹ́ méjèèjì láìtú u.

Igi ńkọ́? Igi ni wọ́n fi ṣe àwọn ti àtijọ́ ní Nottingham lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀nà ìpẹja yìí ti gbilẹ̀ lórí odò Trent. Ohun tó mú wọn fi igi sílẹ̀ náà ni yóò mú ẹ̀yin náà fi í sílẹ̀: igi ń mu omi, á wú, á há mọ́ àwo ẹ̀yìn. Nígbà òjò tiwa ńkọ́.

Ìyá Òbòkún
Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Kí Ọmọ Àlà tó náwó, ẹ jẹ́ ká bi í: ẹja wo ló fẹ́ pa?

Bó bá jẹ́ àrọ̀ tàbí àbọ̀rí lálẹ́, tí èèyàn ń fi òjé ńlá gúnlẹ̀ sínú ọ̀gbun, kó má ra centerpin. Rílì lásán tí gbogbo ayé ń lò ló sàn jù níbẹ̀: ó ń jù jìnnà, ó ní bíréèkì, kò sì sí fúlóòtì tó ń rìn. Inú adágún àti omi tó dákẹ́ náà, kò wúlò, torí omi ni ẹ́ńjìnnì rílì yìí. Ibi tó ti jẹ́ ọba ni ojú omi tó ń ṣàn déédéé, tó jìn tó mítà 1 sí 2½, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kún fún igi wíwó. Níbẹ̀, ìjẹ á máa rìn nísàlẹ̀ bí ohun tí odò fúnra rẹ̀ gbé wá, òbòkún àti ẹja mìíràn tó ń kọjú sí ìṣàn omi á sì gbé e láìfura. Ekòló fún òbòkún, búrẹ́dì tí a fọwọ́ pò fún ẹpìyà létí ibi tí omi ti rọlẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí òjò bá ń pọ̀ ní oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, omi á pọ́n, ewé àti ẹ̀ka igi á máa wọ́ kọjá, gbogbo okùn tó bá fọwọ́ kan omi ni ewé á gùn. Ìgbà tó dáa jù ni ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró, tí omi ń fà, tó ń mọ́, tó sì tún ń ṣàn síbẹ̀. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, ọ̀pọ̀ ibi á ti lọ́ra jù. Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ ibi tí omi ti dúró sí nítorí àtọ̀sí ajá. Ẹ dúró létí.

Ọmọ Àlà, Àkúrẹ́
Ẹ ṣé gan-an, mà. Òbòkún ni mo ń wá, lọ́sàn-án. Okùn wo ni kí n kó sí i, báwo ni kó ṣe pọ̀ tó?

Bàbá Oníwọ̀
Okùn náílọ́ọ̀nù lásán, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 6 kó tó já, tó sì ń léfòó. Mítà 100 ti tó, ó ti pọ̀. Èyí tó ń rì kò dára, torí á rì sẹ́yìn fúlóòtì, bí o bá wá fà á láti kọ́ ẹja lẹ́nu, okùn lò ń fà nínú omi, kì í ṣe ìwọ̀. Okùn tí wọ́n hun, tó rọ̀ bí òwú, pẹ̀lú kò bá rílì yìí lọ, á máa rì bọ abẹ́ ara rẹ̀.

Mítà 100 kò ní kún kẹ̀kẹ́ íǹṣì 4½, nítorí náà o nílò okùn àbẹ́lẹ̀. Kí o má baà ṣì í, kọ́kọ́ kó okùn tuntun sí kẹ̀kẹ́, so okùn àbẹ́lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, máa yí i títí yóò fi ku mílímítà 2 sí 3 kó dé etí. Gé e. Wàyí o, tú gbogbo rẹ̀ jáde sórí pápá, kí o wá yí i padà sí i láti orí kejì: àbẹ́lẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, tuntun á wá sókè, iye rẹ̀ á sì ṣe wẹ́kú. Okùn náílọ́ọ̀nù ògbólógbòó dára fún àbẹ́lẹ̀. Má lo òwú, ó ń mu omi, á sì jẹ alumíníọ́ọ̀mù. Bó bá kún ju bí mo ṣe wí lọ, okùn á máa yọ́ bọ́ sí etí kẹ̀kẹ́. Bí kò bá kún tó, yíyí rẹ á pọ̀ sí i, okùn á sì máa há létí nígbà ìjù.

Fi ìka méjì fún okùn díẹ̀ bí o ti ń yí i kó lè jókòó gírígírí, ṣùgbọ́n má fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ rárá, pinnu ọwọ́ tí wàá fi di ọ̀pá mú àti bóyá okùn á máa gba apá òkè kẹ̀kẹ́ jáde tàbí apá ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tó kó o tán, iṣẹ́ di ọ̀tun.

Ìyá Òbòkún
Ó wá ku ìjù. Èyí tí wọ́n fi ń fa òrùka ni kí o kọ́kọ́ kọ́, òun ló rọrùn jù, òun náà ló sì dáa jù níbi tí igi ti bo odò mọ́lẹ̀ tí kò sí àyè láti na ọ̀pá sẹ́yìn. Mo kà á sí pé ọwọ́ ọ̀tún lo fi di ọ̀pá mú.

Jẹ́ kí fúlóòtì so kọ́ láti ẹnu ọ̀pá, kí gígùn okùn tó wà níta fẹ́rẹ̀ẹ́ dé rílì. Fi ọmọńdinrín tàbí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tẹ etí kẹ̀kẹ́. Fi ìka ìfábẹ̀lá òsì kọ́ okùn tó wà láàárín rílì àti òrùka àkọ́kọ́, fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ tó ìwọ̀n apá kan. Bí o ti ń fà á, tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí okùn lè jáde, kí o tún tẹ̀ ẹ́. Fi ìka àárín kọ́ èyí tó wà láàárín òrùka kìíní àti èkejì, fa òun náà. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi ìka kẹta kọ́ èyí tó wà láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta. Ìfà kan tó mítà 1 ń fún ọ ní okùn mítà 2, torí lílọ àti bíbọ̀ ni. Ìfà mẹ́ta yóò fún ọ ní bíi mítà 6, láìka èyí tó ti so lẹ́nu ọ̀pá. Fì fúlóòtì síwájú láti abẹ́, má jù ú bí òkúta. Bó ti ń kọjá ẹnu ọ̀pá lọ, tú okùn ìka kẹta sílẹ̀ ná, ìka àárín tẹ̀ lé e, ìfábẹ̀lá kẹ́yìn. Ẹni tó bá tú ti ìfábẹ̀lá kọ́kọ́ á so ara rẹ̀ lókùn.

Mítà 8 sí 10 yìí ti tó fún odò wa. Kò sí ìdí tí a fi ń ju ìwọ̀ dé òdìkejì, omi ni yóò gbé e lọ fún ọ.

Ọmọ Oǹdó ní Tòróńtò
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Níbí, ní àgbègbè Ontario, ẹja steelhead tó ń ti inú adágún ńlá bọ́ sínú odò ni wọ́n ń fi rílì yìí pa, ọ̀pá wọn sì máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 13 sí 15. Àwọn ìjù méjì mìíràn ló wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Èyí tó gbajúmọ̀ níbí ni ìjù ẹ̀gbẹ́: wọ́n á di kẹ̀kẹ́ mú kó má yí, wọ́n á fi ìka fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ kó lè máa bọ́ láti etí kẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí okùn ń bọ́ lára agolo. Ó ń lọ jìnnà, ọjọ́ kan náà lèèyàn sì fi ń kọ́ ọ. Àléébù rẹ̀ ni pé okùn ń lọ́. Gbogbo ìká tó bá bọ́ láti etí kẹ̀kẹ́ ń fi ìlọ́ kan sára okùn, bí o bá sì ń yí i padà, kò ní tú. Mítà 20 lórí kẹ̀kẹ́ íǹṣì 4½ jẹ́ ìlọ́ bíi 55 ní ìjù kan ṣoṣo! Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, okùn á máa ká lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, tú fúlóòtì àti ìwọ̀ kúrò, jẹ́ kí okùn òfìfo bá omi lọ bíi mítà 50 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o wá yí i padà. Àwọn ará Ọsirélíà ní rílì Alvey tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí ojú padà sí ẹ̀gbẹ́ fún irú ìjù yìí, ìṣòro lílọ́ kan náà ló ń bá a jà.

Èyí tó tọ́ gan-an ni èyí tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gbẹ́ni Wallis ará Nottingham pè. Kẹ̀kẹ́ ló ń yí nínú èyí, kò sí lílọ́. Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Fúlóòtì gbọ́dọ̀ ní ìwúwo, gíráàmù 5 ni kí ẹ fi kọ́ ọ, ẹ lè padà sí 3 bó bá mọ́ yín lára. Kó so kọ́ bíi mítà 1½ sí 2 lẹ́nu ọ̀pá. Ọ̀tún di ọ̀pá mú, ìka kan lára etí kẹ̀kẹ́. Òsì fi ìka méjì gbá okùn tó wà láàárín rílì àti òrùka àkọ́kọ́ mú wẹ́rẹ́. Na ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún díẹ̀, kí o wá gbá a lọ sí iwájú láìfi agbára, bí ẹni ń gba ilẹ̀. Bí ọ̀pá ti ń bọ̀, gbé ìka kúrò lára kẹ̀kẹ́, kí òsì fa okùn náà sí ẹ̀gbẹ́. Ìfà òsì yìí ni ọkàn gbogbo rẹ̀: òun ló ń mú kẹ̀kẹ́ gbéra, kì í ṣe fúlóòtì. Nígbà tí fúlóòtì bá fò kọjá ẹnu ọ̀pá, òsì á tẹ̀ lé okùn padà lọ sí apá òrùka àkọ́kọ́, okùn á máa yọ́ gba àárín ìka kọjá. Kí fúlóòtì tó kan omi, ní ìwọ̀n mítà 1 sí i, ìka ọ̀tún á padà fọwọ́ kan etí kẹ̀kẹ́, jẹ́jẹ́. Fúlóòtì á rọlẹ̀ láìta omi.

Ẹlẹ́ja Ọ̀wọ̀
Ibi ìfà òsì yẹn ni tèmi ti ń di irun dàda, ọ̀gá.

Ọmọ Oǹdó ní Tòróńtò
Á jẹ́ pé ìfà yẹn yá ju fúlóòtì lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí ju bí fúlóòtì ṣe ń fò, okùn tó pọ̀ jù á jáde, á sì rọ́ lu ara rẹ̀. Bí fúlóòtì bá yá ju kẹ̀kẹ́, á dé ibì kan lójú ọ̀run, á ta padà sọ́dọ̀ rẹ bí ẹni tí wọ́n fa létí. Ẹ wo èyí tó ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe, torí ìwòsàn wọn yàtọ̀: ti àkọ́kọ́, ẹ dín ìfà òsì kù, ẹ tètè fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ti èkejì, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìfà. Ẹ kọ́ ọ lórí pápá tí wọ́n ti ro koríko rẹ̀, láìsí ìwọ̀ lẹ́nu okùn, òjé àti fúlóòtì nìkan.

Bí okùn bá sì ta kókó, ẹ má fà á. Ẹ tẹ kẹ̀kẹ́ pa, ẹ fi ìka gbé àwọn ìká tó tú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lórí èyí tó há, èyí tó há á yọ fúnra rẹ̀. Fífà ló ń sọ kókó tó tú di kókó tó wà títí ayé.

Bàbá Oníwọ̀
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìjù. Bí ẹ bá jù ú tán, kí lẹ̀ ń ṣe?

Omi òkè ń yára ju omi ìsàlẹ̀ lọ, torí ilẹ̀ odò ń fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá jẹ́ kí fúlóòtì sáré bó ṣe wù ú, á máa wọ́ ìjẹ tẹ̀ lé ara rẹ̀ ní eré tí ẹja ìsàlẹ̀ kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ fi àtàǹpàkò kan etí kẹ̀kẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn án, kí fúlóòtì máa lọ́ra díẹ̀ ju omi tó yí i ká. Ìjẹ á ṣíwájú, fúlóòtì á tẹ̀ lé e. Ohun tí rílì yìí fi ju gbogbo rílì yòókù lọ nìyí. Bí kì í bá ṣe nítorí rẹ̀, kò sí ìdí tí èèyàn á fi máa ṣe wàhálà kiri.

Ẹ wọn jíjìn omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òjé gíráàmù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ ìwọ̀, ẹ sọ ọ́ sójú ibi tí fúlóòtì á gbà, ẹ máa gbé fúlóòtì sókè lórí okùn títí orí rẹ̀ á fi kàn yọ lójú omi. Fún òbòkún, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 kún un kí ìjẹ lè máa fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Fúlóòtì gíráàmù 3 ń gba òjé wẹ́wẹ́ 7 tó jẹ́ gíráàmù 0.4 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá rọra ń lọ, ẹ tò wọ́n jìnnà síra bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, kí wọ́n máa súnmọ́ra bí wọ́n ti ń lọ sókè. Bó bá ń sáré, ẹ kó 5 jọ sí ojú kan ní ìwọ̀n 40 sẹ̀ǹtímítà lókè ìwọ̀, kí 2 tó kù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Okùn ẹnu ìwọ̀, pọ́ùn 4, kí ó lè jẹ́ òun ló máa já bí igi bá gbé ìwọ̀, kí fúlóòtì má bàa bá a lọ.

Ìyá Òbòkún
Bàbá ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹja tó gbé e kún un, torí ibẹ̀ ni ìka ti ń ṣẹ́. Bí ẹja bá sáré, ẹ má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú! Ọwọ́ yẹn á gba ìka yín bí ọmọ-odó. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi kan etí kẹ̀kẹ́ láti abẹ́, tàbí àtàǹpàkò láti òkè, ẹ jẹ́ kó gba okùn lọ pẹ̀lú ìnira díẹ̀. Bó bá dúró, ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹ ti ń yí kẹ̀kẹ́. Òbòkún ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ fi àwọ̀n gbé e, ẹ má fọwọ́ wọ́ ọ.

Tọ́nà Ọ̀bà-Ilé
Eyín tó ń ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́yìn rílì, ẹ pa á nígbà tí fúlóòtì bá ń rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di kẹ̀kẹ́ mú nígbà tí ẹ bá gbé ọ̀pá sílẹ̀ tàbí tí ẹ ń rìn lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá ń fi í ja ẹja á jẹ eyín náà tán.

Ọmọ Àlà, Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Íǹṣì 4½ oníbíárìn ni màá rà, ìjù òrùka ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kékeré kan ló kù: bí n kò bá rí òróró máṣíìnì, ṣé mo lè fi òróró ìdáná kán bíárìn?

Tọ́nà Ọ̀bà-Ilé
Rárá o. Òróró oúnjẹ á dì, á lẹ̀ mọ́ irin bíi oje igi láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wàá wá padà síbí láti bú ẹni tó ta rílì fún ọ. Béèrè lọ́wọ́ télọ̀ èyíkéyìí tó bá wà ládùúgbò rẹ, ìgò kékeré yẹn ò wọ́n. Bí kò bá sí rárá, jẹ́ kí bíárìn gbẹ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan yẹn, kí o sì nù ún dáadáa bí o bá délé.